Àádọ́jọ Ìṣísẹ̀ Ni Ìwọ̀n Tátì

Fúráìdé, 14 Nòfẹ́ḿbà

A dé ahéré ọdẹ. Èmi, Bàámi, àti Arne àbúrò mi — Ẹlẹ́nu. Orúnkún Bàámi ò gba gígun ẹ̀gùn orí igi mọ́, ló bá gbé ìbọn ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Tátì-tátì ni wọ́n ń pe ọta ẹ̀. Èmi ń pe ìbọn náà ní Tátì. Ó dàgbà jù mí lọ.

Bàámi fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ìdí ẹ̀gùn dé ibi igi funfun: àádọ́jọ ìṣísẹ̀. "Kaisa, ọta yìí wúwo, kò sì yára. Tó bá kọjá igi yìí, ó ti ń wálẹ̀ nìyẹn, agbára ẹ̀ ti ń tán. Wíwò lásán ni tìẹ níbẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mí, ó ṣì ń kọ́ mi bí ọmọ ilé-ìwé.

Sátidé, 15

Akọ àgbọ̀nrín kan jáde. Ìwo ẹ̀ pẹ̀ka mẹ́wàá. Ẹ̀yìn igi funfun ló dúró sí, kò sún mọ́ mi. Ojú kòkòrò. Mo gbé ẹnu ìbọn ga ju ẹ̀yìn ẹ̀ lọ díẹ̀ — mo ní ọta á wálẹ̀ bá a — mo yìn ín. Ó tẹ̀ bàrà, ó sá wọ igbó. Mo ka ilẹ̀ débẹ̀: òjìlúgba ìṣísẹ̀. Irun funfun. Ẹ̀jẹ̀, ẹ̀kán kan. Yìnyín ti ń bọ́ láti orí adágún, ó bo ipa ẹsẹ̀ ẹ̀ kí n tó rìn jìnnà.

Mo délé, mo ní mo tàsé.

Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Ojú ń tì mí ni. Ẹni tó bá tàsé ní ahéré yìí, wọ́n á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kàn mọ́ ògiri, ó parí. Ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ ẹran sílẹ̀, kò gbọdọ̀ yìnbọn mọ́ lọ́dún yẹn. Á máa wá a títí á fi rí i. Bàámi mú àlùmọ́gàjí, ó gé ṣẹ́ẹ̀tì mi. Arne ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀run lẹ yìnbọn sí ni?" Mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.

Sọ́ńdè, 16

Yìnyín dé agbede ojúgun. Bàámi dáná sáúnà, ilé ooru tá a ti ń wẹ̀. Mo ní orí ń fọ́ mi, mi ò bá wọn wọ̀ ọ́.

Mọ́ńdè, 17

Mo ní mò ń lọ sórí ẹ̀gùn. Irọ́. Etí odò ni mo ti ń wá a títí ọ̀sán. Kannakánná méjì ń pòòyì — mo sáré débẹ̀. Òkú ehoro ni.

Túsìdeè, 18

Arne rí i. Ó ní akọ kan ń fẹsẹ̀ mẹ́ta tiro lọ nísàlẹ̀ odò, ó jìnnà jù, òun ò yìn ín. "Ọ̀dẹ̀ kan ló yìn ín láti ojú títì." Bàámi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹni tó ṣe é tó sì lọ sùn, kó má pe ara ẹ̀ lọ́dẹ." Kò wo ẹnikẹ́ni. Àbí ó wò mí?

Wẹ́sìdeè, 19

Lónìí ni màá sọ.

Mi ò sọ.

Tọ́sìdeè, 20

Mo jí, Bàámi ò sí. Ọ̀pá ẹ̀ ò sí, ìbọn kejì tí a gbé wá ò sí. Orúnkún yẹn, nínú yìnyín yìí! Ó di ọ̀sán, kò dé. Ìró ìbọn kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

A tọ ipa ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó jókòó sórí igi tó wó, kò lè dìde. Àgbọ̀nrín náà wà níwájú ẹ̀. Ogójì ìṣísẹ̀ ló ti yìn ín. Ẹsẹ̀ iwájú kan fọ́ yángá, ó ti ń rà. Egungun ìhà ẹ̀ ṣeé kà. Arne padà lọ mú okùn wá.

"Ìṣísẹ̀ mélòó?"

"Òjìlúgba, Bàámi." Mo bú sẹ́kún.

Ó ní láti ahéré lòun ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé, bí ọta ṣe dún nígbà tó wọ ara ẹran. Òun ń retí kí n sọ ọ́ fúnra mi. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò bi mí? Ó wo ẹsẹ̀ ẹran náà.

"Ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ kìíní, tìẹ ni. Àwọn ọjọ́ tó kù, àwa méjèèjì la jọ ni ín."

Ó nawọ́ sí mi. Mo fà á dìde.