Aago Tó Mọ Ọ̀nà VGC

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Mi ò fọkàn tán Brọ̀dá Súlè mọ́.

Aago tó máa ka bí ọkàn mi ṣe ń lù àti ibi tí mo bá gun kẹ̀kẹ́ dé ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Jákàńdè. Èyí tó kọ́kọ́ gbé jáde, irọ́ gbuu ni. Mo kàn ń juwọ́ bí mo ṣe ń ná an ni, ó ní mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn dé Ẹ̀pẹ́.

Ló bá mú àlòkù kan jáde lábẹ́ káńtà. Ó rẹwà débi pé ó kù díẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Àbúrò, fi gun kẹ̀kẹ́ wò ná."

Mo gùn délé lọ fi han Mọ́mì, mo sì padà. Aago náà ò fo kọ́nà kankan nínú ọ̀nà tí mo gbà.

Àmọ́ ìrìn ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Géètì VGC, ẹ́sítéètì àwọn olówó, ló ti máa ń jáde, ibẹ̀ ló sì ń padà sí, àfi èyí tó kẹ́yìn. Ìyẹn dúró lójijì lójú ọ̀nà Ajah, ló bá sáré bí ọkọ̀, ó parí sí ṣọ́ọ̀bù Brọ̀dá Súlè.

"Brọ̀dá, ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti lọ sí Kánádà."

"Ṣé ibí ló gbà lọ ni?"

Ó ní ẹnu mi ti mú jù. Mo bọ́ aago sílẹ̀, mo sá lọ.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé ìrìn tèmi náà ti wà nínú rẹ̀, láti ṣọ́ọ̀bù yẹn títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Bí ọlọ́pàá bá rí aago yẹn, ilẹ̀kùn Mọ́mì ni wọ́n máa kàn.