Ọwọ́ Tí Ẹ Gbé Sókè ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín sí ìkíni yìí. Ẹni tó ti sùn láti ìgbà ọyẹ́ èṣí, ta ní ń kí i kú ọjọ́ mẹ́ta? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ọmọ kì í já lu ọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ kí àgbà, torí náà mo kí yín.

Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ara Màmá le, orúnkún nìkan ni ò jẹ́ kí wọ́n lè rìn dé ọjà Akẹ̀sán mọ́, ni wọ́n bá sọ gbogbo àdúgbò di ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn ṣe ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ iṣẹ́, àmọ́ ó ń sáré orin jù, àfi bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ eré yẹn, ilẹ̀ ni mo máa ń wò, torí mo mọ irú ojú tí ẹ ò bá ṣe.

Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nínú mi. Ẹ wà láyé ní gbogbo àsìkò yẹn, a jọ ń jẹun, a jọ ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu mi ò gbà á. Ojo ni mí, Bàbá. Ìgbà tí ẹ ò lè dá mi lóhùn mọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láyà.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí mo jáde girama ni a lọ kọrin ìdíje àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní tíṣà orin. Ẹ̀yin, bíríkìlà, lẹ yọ̀ǹda ara yín, torí ẹ ti ń darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bí mi. Tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó kàn bu omi sẹ́sẹ̀, ẹ ó sì gba ilé-ẹ̀kọ́ wa wá pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì ní èékánná. Àwa mẹ́rin lẹ yàn: èmi, Bọ́lá, Sùlè tó ń kọ báàsì, àti ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Ìlọrin lẹ́yìn náà. Inú ìwé àpò sìmẹ́ǹtì, níbi tó mọ́, lẹ ti ń kọ sọ́fà orin wa, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tí ẹ máa ń fi há etí. Tó bá kan ohùn obìnrin tó ga jù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́ kí Bọ́lá lè gbọ́, Sùlè á sì rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀. Ẹ kì í bínú. Ẹ ó dúró dè é títí ẹ̀rín á fi tán.

Èmi ni olórí àwọn mẹ́rin náà, èmi ni mo sì ka ìwé òfin ìdíje fún yín. Ojú-ìwé méjì péré ni. Ẹni tó bá ń dá kọrin kò gbọdọ̀ wòwé. Àwọn tó bá ń kọ ọ́ pọ̀ kò gbọdọ̀ ní ẹni tó ń darí wọn, ara wọn ni wọ́n máa gbọ́. Orin kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tó sọ pé bí òbí tàbí olùkọ́ akọrin bá jókòó sáàárín èrò tó fi ọwọ́ tàbí ẹnu tọ́ ọ sọ́nà, wọn yóò yọ akọrin náà kúrò. Tó bá jẹ́ àlejò ló ṣe é, òun nìkan ni wọn yóò ní kó jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìyẹn fún yín, torí mo mọ ọwọ́ yín.

Ta ni kò mọ ọwọ́ yín? Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, ọwọ́ ọ̀tún yín á gbéra láti orí itan, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá á pàdé bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹ máa ń ṣe é níbi òkú. Ẹ máa ń ṣe é tí àwọn ìyá alájì ilé kejì bá ń kọ wákà. Ẹ kì í mọ̀ rárá pé ẹ ń ṣe é.

"N ó jókòó lé e," lẹ wí fún mi.

Ẹ sì jókòó lé e lóòótọ́. Ìlà kẹta lẹ wà nínú gbọ̀ngán náà, nínú dàńṣíkí búlúù tí Màmá lọ̀ fún yín, ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ itan. Ẹsẹ àkọ́kọ́ lọ geere. Ẹsẹ kejì ni ibi tí Sùlè ti máa ń pẹ́ wọlé wà, ibi tí a ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan bá a fà. Bí a ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, mo rí i tí ẹ̀rù ti bà á. Ẹ̀yin náà rí i. Ọwọ́ yín jáde lábẹ́ itan, ẹ pè é wọlé, ó sì wọlé láṣìkò.

A parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá kan nínú àwọn adájọ́ dìde, ó na bírò sí yín.

"Bàbá tó ń darí orin yẹn, ṣé tiyín ni?"

Èmi ló kọjú sí. Bàbá, kí n má tún parọ́ mìíràn lé e. Kì í ṣe torí kí wọ́n má baà yọ wá nìkan. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù mú tíṣà tó de táì wá, pẹ̀lú ìwé orin ńlá ńlá. Mo wo ẹsẹ̀ yín nínú sálúbàtà, mo rí sìmẹ́ǹtì nínú gìgísẹ̀ yín tó sán, ojú tì mí.

"Rárá mà. A ò mọ̀ wọ́n."

Mo tilẹ̀ fi ọ̀wọ̀ kún irọ́ náà.

Ìyá yẹn wá yíjú sí yín, ó bi yín pé ta lẹ bá wá. Ẹ dìde. Ẹ wò mí, kò pẹ́. Ẹ wá dá a lóhùn.

"Mi ò bá ẹnì kankan wá o, mà. Mò ń kọjá lọ ni mo gbọ́ orin, ni mo bá yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sáwọn ọmọ yìí."

Ẹ foríbalẹ̀ fún obìnrin tí kò tó yín bí, wọ́n sì mú yín jáde. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lé akọrin padà sílé tó bá parọ́ ohun tó mú un pẹ́. Èmi ni mo fi irọ́ sí yín lẹ́nu.

A gba ipò kìíní. Nígbà tí a jáde, ẹ wà lẹ́nu géètì nínú oòrùn, ẹ ti ra omi tútù márùn-ún dè wá. Ẹ bọ gbogbo wa lọ́wọ́, ẹ bọ èmi náà. Inú bọ́ọ̀sì, iwájú lẹ jókòó sí títí a fi dé Ọ̀yọ́, ẹ ò kọrin kankan. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀ kí ẹ tó fi sátífíkéètì náà kọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó kan ògiri yín. Àlejò tó bá wọlé, ẹ ó fi hàn án, ẹ ó ní àwọn ọmọ yìí kọrin láìsí ẹni tó darí wọn. Ṣé ẹ̀ ń bo àṣírí mi ni, àbí ẹ̀ ń bá mi wí? Mo máa ń sá wọ yàrá ni.

Láti ọjọ́ náà, ẹ ò jókòó sí ibi tí mo ti ń kọrin mọ́. Ìgbà tí mo kọrin níbi ìgbéyàwó Bọ́lá, ẹ̀yìn fèrèsé lẹ dúró sí. Mo sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́. Ṣé lóòótọ́ afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́, Bàbá?

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí nìyí. Ẹ mọ̀ pé èmi náà ti di adájọ́ níbi ìdíje yẹn. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti Ìkòyí-Ilé, ó ń dá kọrin. Ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ní àárín orin. Ìyá kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn, lórí ìjókòó iwájú, fi ètè pe ọ̀rọ̀ náà fún un. Mo rí i, adájọ́ tó jókòó tì mí náà rí i, ó di dandan kí n béèrè ẹni tí ìyá yẹn jẹ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí ọmọ náà parọ́.

"Màmá mi ni, mà."

Kò tilẹ̀ gbé itọ́ mì kó tó sọ ọ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n kí ìyá náà lè ráyè nu ojú, wọ́n sì jọ jókòó gbọ́ orin àwọn yòókù. Ọlọ́run nìkan ló mọ máàkì tí mo fún àwọn tó kọrin tẹ̀lé e.

Mo pe Bọ́lá lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ dá ipò kìíní wa padà. Ó fárígá. "Lẹ́yìn ogún ọdún? Ta ló bi ẹ́? Ṣé nǹkan ò ṣe ẹ́ báyìí?" Sùlè tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo pè tẹ̀lé e. Ó ní, "Àǹtí, èmi ni wọ́n gbé ọwọ́ yẹn fún. Èmi náà kò sọ̀rọ̀."

Mo kọ ìwé ìjẹ́wọ́, mo sì gbé e lọ fún ìgbìmọ̀ ìdíje náà fúnra mi. Akọ̀wé kà á sókè níwájú gbogbo wọn pé olùkọ́ wa wà nínú gbọ̀ngán, ó darí wa, a sì sẹ́ ẹ. Alága gbé gíláàsì rẹ̀ kúrò lójú, ó bi mí pé ta ni olùkọ́ náà. Mo wá rí i pé nínú ìwé ìjẹ́wọ́ gan-an, olùkọ́ ni mo pè yín.

Mo dìde. "Bàbá mi ni wọ́n, sà. Àwọn ló bí mi."

Wọ́n ní kò burú, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló dé tí mo sẹ́ yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi mí, ẹ sì kú láì bi mí rí.

Ẹ sinmi dáadáa, Bàbá mi. Ẹ foríjì mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó mọ̀ yín.