Màmá Tún-un-lọ̀, Ọ̀gá Ilé Alágbàfọ̀

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ bá wa pé jọ, a kí yín kú ìrọ́jú. Ó ti rẹ gbogbo wa, nítorí náà a ò ní fa ìtàn yìí gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọdún 1950 ni a bí màmá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Káfíńtà ni bàbá, aránṣọ ni ìyá, màmá sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ dúró, torí pé ojú ìyá wọn kò ríran dáadáa mọ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa bá ìyá fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Màmá kì í ráhùn nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ní 1971, wọ́n ríṣẹ́ sí ilé alágbàfọ̀ kan tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún ilé ìwòsàn àti hòtẹ́ẹ̀lì. Ìdí tábìlì gígùn ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń lọ aṣọ. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá wọlé ní gbígbẹ, á jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ní 1974, oníná kan wá tún wáyà ibẹ̀ ṣe. Ó tún un ṣe tán, kò lọ mọ́. Òun ni bàbá wa. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún kejì, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ìdí tábìlì yẹn kan náà ni màmá ti kọ́ ọmọbìnrin kan níṣẹ́, ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Àǹtí Gíga, nítorí ó ga bí òpó. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn.

Nígbà tó di 1996, ìyá àgbà tó ni iṣẹ́ náà kò lè rìn dáadáa mọ́, wọ́n sì fi màmá ṣe ọ̀gá. Inú wa dùn. A rò pé ìsinmi dé. Màmá gba ọ́fíìsì, fáànù àti àga tó ń yí, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó sórí àga náà. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìdí tábìlì gígùn lẹ ó ti bá wọn, wọ́n á fa aṣọ tí ẹlòmíì ti lọ̀ jáde, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ní, "Tún un lọ̀." Kí onítọ̀hún tó lanu, màmá fúnra wọn á ti gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Màmá Tún-un-lọ̀ ti ṣẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pè é, ṣùgbọ́n etí màmá kò di.

Ká má parọ́, wọ́n ti gba ipò ọ̀gá, wọn ò tíì di ọ̀gá. Àwọn òṣìṣẹ́ dẹwọ́. Kí lèèyàn ń làágùn fún, nígbà tí ọ̀gá á ṣáà tún un ṣe? Aṣọ ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pé tó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á gbé aṣọ àwọn lọ síbòmíì. Ìyá àgbà náà sọ ọ́ gbangba pé bí ilé ìwòsàn bá lọ, àwọn á ta ẹ̀rọ, àwọn á sì ti ilẹ̀kùn. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni màmá gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Àǹtí Gíga lójú gbogbo èèyàn. Àǹtí Gíga gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé. Àwọn mìíràn ń múra láti tẹ̀lé e.

Màmá kì í pa ìsìn jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun ló máa ń gba ìdajì ìwàásù lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, wọn ò sùn. Bí ìsìn ṣe parí, ilé Àǹtí Gíga ni wọ́n gbà lọ, wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀. Àǹtí Gíga ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Tí mi ò bá tíì mọ̀ ọ́n títí di òní, ṣé ẹ kọ́ mi lóòótọ́? Mo máa padà, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù kankan níbẹ̀ mọ́."

Màmá ní, "Mo gbọ́."

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n jókòó sórí àga tó ń yí, wọ́n fi ìdí tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀. Wọ́n rí aṣọ kan tí etí rẹ̀ wọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé lọ sínú ọkọ̀. Wọ́n jẹ́ kó lọ. Aṣọ dé ilé ìwòsàn lásìkò, ẹnikẹ́ni ò sì pè láti ráhùn. Nígbà tí màmá délé, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ ni wọ́n sùn lọ. Wọ́n ní nínú gbogbo iṣẹ́ táwọn ti ṣe láyé, jíjókòó ọjọ́ yẹn ló rẹ àwọn jù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá nìyẹn títí di 2014. Wọ́n ń parí ìjà, wọ́n ń dúnàádúrà ọṣẹ, wọ́n ń gba ẹ̀bi ohun tí wọn ò ṣe. Ẹni tó bá sọ pé ipò ọ̀gá kì í rẹni, kò tíì dé ibẹ̀ rí. Àwa tó wà nílé sì jẹ nínú ìyà náà, torí áyọ́ọ̀nù ilé kò sinmi. Wọ́n lọ aṣọ iléèwé, wọ́n lọ aṣọ ìnura, wọ́n lọ ìbọ̀sẹ̀. Bàbá wa ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ná. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ṣe alága ẹgbẹ́. Wọ́n ní ẹrù kan ti tó ọrùn kan, àmọ́ àwọn á máa bá wọn lọ kọ́tìnì gbọ̀ngàn ìpàdé.

Bàbá wa ṣíwájú wọn lọ ní 2011. Nígbà tí àìsàn dá màmá dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí, Àǹtí Gíga, tó gba ipò ọ̀gá lẹ́yìn wọn, ló ń gbé aṣọ ibùsùn tó lọ̀ wá fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú wọn, màmá fọwọ́ pa etí aṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́, Àǹtí Gíga kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ọmọdé. Àwa náà sunkún.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ, nọ́ọ̀sì, dírẹ́bà àti oníṣòwò, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kan, àti Àǹtí Gíga, tí a kà mọ́ ara wa.

Màmá wa, ẹ ti ṣe é, ó sì dáa. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere, níbi tí ooru kò sí. Ẹ sùn un re o.