Fíríìjì Tó Wà Lábẹ́ Wáráǹtì

Ọmọ mi àtàtà,

Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Tiwa kò burú, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá ṣú. Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibẹ̀ kò ní já ọ jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀gá rẹ kò sì ní bínú sí ọ. Àmín.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí orí mi ti dàrú, mo fẹ́ kí o bá mi tò ó. Nígbà tó kọ́kọ́ dákẹ́, a rò pé iná ló lọ ni. Iná dé, gílóòbù tàn, fíríìjì kò mí. Mo bá lọ pe ẹni tó ń tún nǹkan oníná ṣe ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Síkúrù. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní gáàsì rẹ̀ ti jò tán. Mo sáré gbé gáàsì wá láti ilé ìdáná, ó kàn ń wò mí. Ó ní kì í ṣe irú ìyẹn. Mo ní gáàsì ni gáàsì ń jẹ́, kó ṣáà fà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n lọ ra tuntun, pé èyí ti kú. Mo ní báwo ló ṣe kú tí ara rẹ̀ ṣì ń dán?

Ìyẹn ni mo fi pè ọ́. O ní kí n fọkàn balẹ̀, pé fíríìjì náà ṣì wà lábẹ́ wáráǹtì, pé àwọn kan máa wá gbé e. Kí n tó bi ọ́ pé kí ló ṣe, owó fóònù mi ti tán. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ, àyà rẹ̀ já. Ó ní wáráǹtì ni ọlọ́pàá mú dání lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé awakọ̀ tó ń gbé òdìkejì wa. A jókòó, a rò ó títí, kí ni fíríìjì lè ṣe? Kò jáde nínú ilé yìí rí látọjọ́ tí o ti rà á. Bàbá rẹ ní bóyá ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i níwájú ló ṣẹ ìjọba, tí wọ́n wá ń kó gbogbo ẹbí rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin méjì tó dé fìlà ilé-iṣẹ́ yọjú, a ti tì í wọ yàrá, a ti da aṣọ ibùsùn bò ó, mo sì gbé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ lé e lórí. Wọ́n béèrè fíríìjì. N kò purọ́ o, ọmọ mi. Mo ní kò sí fíríìjì kankan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n lọ.

Ohun tó wá ká wa lára ni abẹ́rẹ́ bàbá rẹ. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé oògùn ìtọ̀ ṣúgà náà gbọ́dọ̀ wà níbi tó tutù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, omi lásán ni yóò máa gún sára. Fíríìjì kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni ti bàbá rẹ kékeré. Ìwọ náà mọ̀ pé látìgbà tí àwọn méjèèjì ti jà lórí yàrá tí bàbá wọn kú sílẹ̀, wọn kì í kí ara wọn. Bàbá rẹ ní òun yóò kúkú kú. Mo ní kò ní kú, mo di oògùn sínú ike, mo gbé e lọ fúnra mi. Bàbá rẹ kékeré ṣí fíríìjì rẹ̀, ó sún ẹran sápá kan, ó to oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni ń to ẹyin. Ó wá ní òun kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ o, kí olóògùn máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́.

Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láràárọ̀. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò kẹ̀yìn sílé, yóò gún un, yóò máa bọ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe fẹ́ yí padà, àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn kò gbọdọ̀ febi rìn.” Ṣé o rí i pé ó ti lọ bi nọ́ọ̀sì. Látọjọ́ náà, bàbá rẹ á lọ gbabẹ́rẹ́ láàárọ̀, oòrùn á kan àtàrí kó tó dé. Mo bi í pé báwo ni abẹ́rẹ́ náà ṣe gùn tó. Ó ń tayín.

Bàbá rẹ kékeré yìí náà ló là wá lóye pé wáráǹtì kì í ṣe ti ọlọ́pàá, pé àdéhùn ẹni tó tajà ni, pé bí ọjà bá bà jẹ́ kí ọjọ́ tó pé, òun ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ojú tì mí. A ní kí àwọn onífìlà yẹn padà wá. Wọ́n ní ṣé kí àwọn tún un ṣe ni, àbí kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀? Mo ní kí la fẹ́ fi pààrọ̀? Aago ara ògiri nìkan ló kù, n kò sì lè fi í sílẹ̀. Wọ́n ní rárá, àwọn á gbé èyí lọ, àwọn á gbé tuntun wá lọ́la, a ò ní san kọ́bọ̀. Ọmọ mi, ta ló ń gba òkú kó tún fúnni ní alààyè lọ́fẹ̀ẹ́? Mo fura, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń fà sí tuntun, nítorí wọ́n ní àtúnṣe yóò pẹ́. Àfi bí bàbá rẹ ṣe ní kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n má sì kánjú rárá. Bàbá rẹ tí kì í lè dúró kí ẹ̀wà jinná!

Wọ́n ti gbé e padà wá báyìí. Ó ń tutù, ó ń mí, omi ti ń dì nínú rẹ̀. Mo ní kí bàbá rẹ lọ gbé oògùn rẹ̀ wálé, ó ní lọ́la. Lọ́la dé, ó ní a kì í di ẹrù lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Láàárọ̀ yìí, ó tún dé fìlà rẹ̀, ó lọ, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín òun àti àbúrò rẹ̀ títí dé ẹ̀yìnkùlé wa. Oògùn ṣì wà lọ́hùn-ún. Kí la wá tún fíríìjì ṣe fún? Àbí nǹkan kan ṣì ń ṣe é tí bàbá rẹ rí, tí èmi kò rí? Jọ̀ọ́, bá mi bi àwọn tó tún un ṣe.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ẹran sí i, nítorí omi nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sì dáa kí bàbá rẹ máa jẹun onílé lójoojúmọ́ kó máa lọ lọ́wọ́ òfo. Má fi í sínú fóònù bíi tìjọ́sí o, fóònù mi ti ń gbóná, kó má lọ jó owó náà. Èmi náà á tẹ̀ lé bàbá rẹ lọ lọ́la, kí n lọ fojú ara mi wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Ilé rẹ kò ní dàrú, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ohun tó bá sì bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ yóò ní àtúnṣe.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí ọ̀rọ̀ yìí kò yé.