Àwáwí Tó Kù Nínú Fóònù Yín

Olówó orí mi,

Bí ẹ ṣe ń wọ ilé ìwẹ̀, ẹ ní kí n wá nọ́ńbà ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nínú àkọsílẹ̀ orí fóònù yín. Àmì tí ẹ pè ní “àwáwí” ni mo bá pàdé. Mo tẹ̀ ẹ́, irọ́ tí ẹ ti pa fún mi bá tò jáde bí èèrà, tọjọ́tọjọ́; èyí tí ẹ bá ti pa fún mi, ẹ fi àmì “ti-lò” sí i lára.

Mo tún un wá. Mo tẹ “àwáwí”, mo fi àmì ìyọkúrò síwájú “ti-lò”, kí àwọn tí mo ti gbà gbọ́ lè kúrò ńlẹ̀. Ẹyọ kan péré ló kù: “Táyà bẹ́ lójú ọ̀nà.”

Màmá yín ń bọ̀ láago méjì. Ẹ gbálẹ̀, ẹ sebẹ̀. Mi ò ní lè tètè dé, táyà mi máa bẹ́ lójú ọ̀nà ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀.

Mo ti bá yín fi “ti-lò” sí i.