Òdòdó Tí Ó Gba Inú Fèrèsé Jáde

Ṣakí,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, 1957.

Sí ọmọ mi Adéwùnmí, ní Agbowó, Ìbàdàn,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ara le, ṣé omi ibẹ̀ kò pa ọ́ lára? Olúwa tí ó ń ṣọ́ wa níhìn-ín ni yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, o kò ní fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà mọ́tò, a kò ní gbọ́ ìròyìn rẹ lẹ́nu àjèjì. Àrìnpé ìyá rẹ kí ọ. Àwọn ará ìjọ kí ọ. A ti fi páànù bo apá kan òrùlé ilé ìsìn, apá kejì ṣì jẹ́ koríko, nítorí náà bí òjò bá dé, apá kan ṣoṣo ni gbogbo wa yóò fún mọ́. Ewúrẹ́ dúdú bí mẹ́ta, ọ̀kan kú.

Kí ó yé ọ pé èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí ọwọ́ ọ̀tún kò tíì gbọ́ tèmi. Tíṣà Olúdọ̀tun tí ó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé máa ń wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní n kì í fi àmì ìdánudúró sí ọ̀rọ̀, mo ní kí ó bá mi fi í síbẹ̀, kí n lè sọ tẹnu mi tán.

Ọ̀rọ̀ òdòdó tí o gbé sílẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ láìsọ ti ọjọ́ tí o gbé e wá. Nígbà tí àrùn ẹ̀gbà dá mi dùbúlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, tí ẹnu mi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, o wá láti Ìbàdàn, o jókòó tì mí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo sì kọjú sí ògiri. Kì í ṣe oorun. Inú ló ń bí mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí o fi ebè iṣu sílẹ̀ tí o lọ ń bu omi rin òdòdó orí igi, tí èmi ń pè ní àfòmọ́, fún àwọn òyìnbó ilé ìwé gíga. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi gé àfòmọ́ kúrò lórí igi ẹ̀mí àti igi igbá, ọmọ mi wá ń gbin ín sínú ìkòkò! Bí àwọn ará ìjọ bá béèrè iṣẹ́ rẹ, mo máa ń sọ pé akọ̀wé ni ọ́. O gbé ìkòkò òdòdó náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, o to ìwé tì í, o ní, Bàbá, mò ń lọ o, ojú mi ṣì wà lára ògiri.

Ìwé yẹn ni ó kó ìtìjú bá mi. O fa ìlà sí i, o kọ ìbéèrè sí i, pé kí a máa dáhùn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. N kò mọ̀ pé òdòdó ni ó ń béèrè. Mo rò pé ilé ìwòsàn Ìbàdàn ló fi rán ọ sí mi. Ó béèrè pé báwo ni ó ṣe ga tó, mo ní kí ìyá rẹ fi okùn wọ̀n mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Ó béèrè pé ewé mélòó ni ó ní, mo kọ pé n kò ní ewé, ṣùgbọ́n ewé mẹ́ta ni wọ́n fi se àgbo mi. Ó béèrè bóyá nǹkan tuntun yọ lára rẹ̀, mo kọ pé eéwo kan yọ lẹ́yìn ọrùn. Ó béèrè bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kàn án tó, mo kọ òtítọ́, pé kò kàn mí rárá, nítorí mo ti ní kí wọ́n ti fèrèsé pa, kí àwọn tí ó ń kọjá má baà rí ẹnu mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo kọ ọ́ báyìí. Ìyá rẹ ní ká fi í ránṣẹ́ ní pósọ́fíìsì, mo kọ̀, nítorí orí Ọbabìnrin ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ẹni tí orí rẹ̀ bá sì wà lára ìwé ni yóò kọ́kọ́ kà á, n kò fẹ́ kí Ọbabìnrin gbọ́ nípa eéwo mi. Ni ìyá rẹ bá wọ lọ́rì lọ sí Dùgbẹ̀, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé Agbowó. Wọ́n ní o ti bá àwọn ọ̀gá rẹ wọ igbó lọ. Ó fi ìwé náà lé Zùwáírátù, ìyá onílé rẹ, lọ́wọ́. Obìnrin náà fún un lóúnjẹ, ó ṣí yàrá rẹ fún un kí ó sinmi, ó sì sọ fún un pé o máa ń sọ̀rọ̀ mi fún ará ilé, pé èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń wo ojú ewé kí a tó mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ igi, pé ẹ̀kọ́ yẹn ni o fi ń jẹun. Nígbà tí ìyá rẹ rò ó fún mi, mo ní kí ó bu omi wá kí n fi bọ́jú.

Ìdáhùn rẹ dé pẹ̀lú ìwé náà, o kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà kà á sókè. O ní o mú ìwé náà tọ dókítà lọ, dókítà sì ní bàbá tí ó lè kọ gbogbo èyí yóò rìn, kí ìyá rẹ máa fi òróró pa ẹsẹ̀ náà, kí ó máa ká a, kí ó máa nà án láràárọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni o wá kọ ọ́ pé, Bàbá, òdòdó náà ńkọ́? Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo yí ojú kúrò lára ògiri, mo wo òdòdó náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọ̀pá kan ti yọ lábẹ́ ewé rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Kò lọ sókè bí èyí tí o yà sẹ́yìn ìwé náà, níbi tí n kò ṣí dé tẹ́lẹ̀. Ó gba orí ìrọ̀rí mi kọjá, ó dorí kọ ibi tí pákó fèrèsé ti là díẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi àtàńpàkò wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú, kì í lọ rárá. Mo rò pé àrùn mi ló ràn án tí ó fi wọ́ báyẹn, mo sì ń gbàdúrà fún un. Má sọ fún pásítọ̀. Nígbà tí ó gùn tó apá mi láti èjìká dé ọwọ́, orí rẹ̀ wọ inú lílà náà, n kò rí i mọ́.

Kò pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn ènìyàn lẹ́yìn fèrèsé. Mùtíátù, ìyàwó ilé kejì, ń ké pé kí wọ́n wá wò ó. Ìyá rẹ jáde lọ wò ó, ó wọlé, ó ní òdòdó mọ́kànlá ti là síta, wọ́n funfun, òórùn wọn sì dùn. Mo ní kí ó ṣí fèrèsé. Ó ní bí òun bá ti pákó náà síta, yóò já ọ̀pá náà. Mo ní kí ó ká ọ̀kan wá fún mi. Ó ní Adéwùnmí kò ní kí a ká a. Ọjọ́ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀ tí mò ń gbọ́ bí gbogbo àdúgbò ṣe ń wo ohun tí ó gba orí èmi kọjá.

Ní ọjọ́ kẹta mo ní kí ìyá rẹ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ wá. Mo di ògiri mú, mo wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, mo yí ilé ká. Àkókò tí a fi ń kọ orin ìsìn mẹ́ta ló gbà mí. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ yíjú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Mùtíátù kúnlẹ̀, ó ní, Bàbá, ẹ káàbọ̀, ó sì yà fún mi kí n lè sún mọ́ ọn. Mo kí gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ náà wọ́ lẹ́nu mi, wọ́n sì dá mi lóhùn bí ẹni pé kò wọ́.

Mo rí i, Adéwùnmí. Ṣùgbọ́n ní oríkèé kan lára ọ̀pá náà, kì í ṣe òdòdó ló yọ. Ewé kékeré méjì ni, àti gbòǹgbò funfun mẹ́ta tí kò kan ilẹ̀. Ọmọ ni. Níta níbẹ̀, tí ó jìnnà sí ìkòkò, ni ó bí i sí. N kò rí irú rẹ̀ rí lára ohunkóhun tí mo gbìn. Mo wá inú ìwé rẹ, kò sí àyè tí a lè kọ ọ́ sí. Mo tún tú ìdí ìkòkò wò. Èèpo igi gbígbẹ lásán ló wà níbẹ̀, kò sí igi tí ó ń fa omi ara rẹ̀ mu. Kì í ṣe àfòmọ́. Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo ti ń pè é, mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ. Lọ́jọ́ Àìkú tí ó kọjá wọ́n gbé mi lọ sí ìsìn, díákónì kan béèrè rẹ, mo sọ ọ́ sókè pé ọmọ mi ń tọ́jú òdòdó ní Ìbàdàn.

Wàyí o, Tíṣà ní ó yẹ kí a gé ọmọ náà kúrò kí á gbìn ín sọ́tọ̀. N kò mọ ibi tí a ti ń gé e, n kò sì fẹ́ pa á. Wá fúnra rẹ. Tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló ránṣẹ́. Mú òróró dání, ti ìgò ti tán. Fi owó díẹ̀ kún un fún ìyá rẹ, ó ti wọ aṣọ kan náà láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀. Bí nǹkan bá kù, kí á fi ra páànù sí apá tí ó kù.

Ọlọ́run yóò gbé ọ dé láyọ̀. Ohun tí o bá gbìn kò ní gbẹ, ọwọ́ rẹ kò ní wárìrì, ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò fi ohun tí o kò mọ̀ hàn ọ́. Nígbà tí o bá dé, ìwọ ni kí o mú ọ̀bẹ, èmi yóò bá ọ di ìkòkò mú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlálẹ́yẹ.