Ẹ Dá Káàdì Onítẹlifóònù Mẹ́rin Wa Padà

Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbà Adánìkangbé,
Ojúlé Kẹtàlá, Òpópónà Ayọ̀kànmí,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, 2026.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tẹlifóònù Iléeṣẹ́ àti Ẹgbẹ́,
Iléeṣẹ́ Ìbánisọ̀rọ̀ Gbóhùnrìn,
Yábàá, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFISÙN LÓRÍ KÁÀDÌ TÍ Ẹ YỌ KÚRÒ NÍNÚ RÁÚTÀ WA

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí: tẹlifóònù mẹ́rin tí kò dún mọ́, àgbà mọ́kànlélógójì tí n kò gbóhùn wọn, Ìyá Ìdíátù tó ṣubú ní balùwẹ̀, àti aṣọ tí ẹ ní mo fi ba ẹ̀rọ jẹ́.

1. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń dá gbé. Láàárín aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, olúkúlùkù a máa pe ọ́fíìsì láti sọ pé òun jí. Ẹni tí kò bá pè, a ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

2. Káàdì àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ráútà wa, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọ́fíìsì, ní ihò mẹ́rin fún okùn tẹlifóònù. Òun ló ń gbé ohùn gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó sì ń fi ohùn ṣáájú gbogbo ohun mìíràn tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá kí ọ̀rọ̀ má baà máa já. Ojú ewé kẹta ìwé àdéhùn yín ló sọ bẹ́ẹ̀.

3. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, Ọ̀gbẹ́ni Taoheed, òṣìṣẹ́ yín, yọ ọ́, ó fi òmíràn sí i. Kọ̀ǹpútà nìkan ni ihò tuntun wà fún. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, gbogbo iná rẹ̀ ló tàn. Iná tàn lóòótọ́. Ohùn kò wọlé. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ìpè àgbà kankan tó wọlé, a kò mọ ilẹ̀kùn tí a ó kọ́kọ́ kàn. Ti Ìyá Ìdíátù, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, la kàn gbẹ̀yìn, ní aago méjì ọ̀sán. Láti òwúrọ̀ ló ti wà nílẹ̀. Itan rẹ̀ ṣẹ́.

4. Lẹ́tà yín wá ní ooru ló ba káàdì àtijọ́ jẹ́, nítorí mo daṣọ bo ráútà, nítorí náà ẹ kò ní dá irú rẹ̀ padà. Mo bò ó. N kò ní purọ́. Làbákẹ́, olóògbé aya mi, ló fòwú hun aṣọ náà. Nílé wa, a kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún eruku láìbò. Ṣùgbọ́n Taoheed fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ tó fún mi pé káàdì náà ń ṣiṣẹ́, àti pé ẹ ń kó irú rẹ̀ kúrò nílẹ̀ káàkiri. Ṣé aṣọ aya mi ló bo ráútà gbogbo Èkó ni? Ẹ̀dà ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí.

5. Ẹ ní kí wọ́n máa pe fóònù alágbèéká mi. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè wọlé sí i lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Ṣàíbù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, kò sì ríran mọ́. Nọ́ńbà ọ́fíìsì nìkan ni ìka rẹ̀ mọ̀.

Mo bẹ̀ yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ dá káàdì onítẹlifóònù mẹ́rin padà, kí ẹ sì fa ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn rẹ́ kúrò nínú ìwé yín. Ẹ̀tọ́ wa ni, kì í ṣe àánú.

Bí ẹ kò bá ṣe é, gbogbo wa tí ẹsẹ̀ wa ṣì gbé wa yóò máa wá síwájú kańtà yín láràárọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti sọ fún yín pé a jí. A ó gbéra ní aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta yìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín tí ń retí èsì,
Túbọ̀sún Ọlátẹ́jú,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.